Gbẹ́sẹ̀ Lé àti Gbà-Má-Bínú: Àyẹ̀wò Èdè inú Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti Ọdún 1978

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni pé kí a ka Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ka ìwé yòówù tí ó bá wá sí iwájú wa ní Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ yìí. A óò wo ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé lò, ọ̀rọ̀ tí kò lò, ẹni tí ń sọ̀rọ̀, àti ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan wí pé iṣẹ́ amòfin ni èyí, pé kí lámèyítọ́ máa bá ewì àti ìtàn àròsọ tirẹ̀ lọ. Èsì wa ni pé kò sí ìwé ìtàn àròsọ kan tí ó wọ inú oko àti ilé àwọn ènìyàn wa tó ìwé òfin yìí. Ìwé tí ó bá sì ní agbára tó bẹ́ẹ̀ yẹ ní kíkà dáadáa.

Ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní abúlé àwọn baba wa ni ó kọ́kọ́ mú wa ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ará abúlé jí, wọ́n sì bá ìwé kan tí a lẹ̀ mọ́ ara igi ìrókò tí ó wà ní oríta. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Wọ́n pe ọmọ kan tí ó wà ní ilé-ìwé mọ́dà kí ó wá kà á fún wọn. Ọmọ náà kà á títí ó fi dé ibi tí ìwé náà ti sọ ohun tí ìjọba fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe. Ó dúró, ó ronú, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí 'iṣẹ́ ìlú'. Àwọn àgbà mọ iṣẹ́ ìlú. Iṣẹ́ ìlú ni kí gbogbo ọkùnrin gbé àdá àti ọkọ́, kí wọ́n jáde lọ yẹ ọ̀nà tàbí kí wọ́n gbẹ́ odò. Wọ́n dá ọjọ́, wọ́n pọ́n àdá wọn, wọ́n sì ń retí ẹni tí yóò wá fi ibi tí iṣẹ́ wà hàn wọ́n. Ẹni tí ó dé lẹ́yìn náà kò mú iṣẹ́ wá. Òpó àti wáyà ni ó kó wá, ó sì fi wọ́n yí oko wọn ká.

A kò sọ ìtàn yìí láti fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtumọ̀ tí ó ṣe kò burú rárá. Bí a bá fi gbólóhùn kan náà síwájú ọ̀pọ̀ nínú wa láì fún wa ní àkókò, 'iṣẹ́ ìlú' ni àwa náà ì bá wí. Àṣìṣe náà wà láàárín èdè méjì, ibẹ̀ sì ni a fẹ́ wá a lọ. Nítorí náà, ọ̀nà tí a gbà ṣe iṣẹ́ yìí ni ìtumọ̀. A gbìyànjú láti sọ àwọn abala tí ó jẹ mọ́ gbígba ilẹ̀ ní èdè Yorùbá. Níbi tí ó bá ti rọrùn, a kọjá; níbi tí èdè Yorùbá bá ti kọ̀, a dúró. Èrò wa ni pé ibi tí èdè bá ti kọ̀ ni ìjà gan-an wà.

2. Ìtàn ní ṣókí

Kì í ṣe ọdún 1978 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ ní tipátipá ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ kan ní Àpápá, wọ́n sì fi òfin ilẹ̀ ìjọba ti ọdún 1903 ṣe àtìlẹ́yìn. Ilẹ̀ náà wà lábẹ́ Olóyè Olúwa ti Èkó, Amodu Tijani. Nígbà tí ọ̀ràn owó gbà-má-bínú délẹ̀, ilé-ẹjọ́ ní Èkó wí pé Olúwa kì í ṣe olóhun ilẹ̀ náà ní kíkún, pé àṣẹ láti máa ṣe àkóso rẹ̀ nìkan ni ó ní, àti pé owó àṣẹ náà nìkan ni ó tọ́ sí i. Olúwa kò gbà. Ní ọdún 1920 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì dá a láre. Wọ́n ní kí a ṣírò owó náà gẹ́gẹ́ bí owó ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti agbo náà ní kíkún, àti pé kí adájọ́ má ṣe fi ojú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan wo ilẹ̀ àwọn ènìyàn tí ìlànà wọn yàtọ̀.

A mẹ́nu ba ẹjọ́ yìí nítorí ẹ̀kọ́ kan tí ó wà nínú rẹ̀ fún àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ èdè. Ìjà náà dà bí ìjà owó, ṣùgbọ́n orí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ni ó dúró lé: ta ni a ń pè ní olóhun? Olúwa borí nítorí pé ilé-ẹjọ́ gbà láti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà tí àwọn tí wọ́n ni ilẹ̀ gbà ń sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin kẹfà ọdún náà jáde. Òfin yìí ni a wá mọ̀ sí Òfin Ìlò Ilẹ̀. Kì í ṣe ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ará ìlú yàn ni ó ṣe é. Síbẹ̀, wọ́n so ó mọ́ Ìwé Òfin-Ìpìlẹ̀ ti ọdún 1979, a sì tún so ó mọ́ ti ọdún 1999, ní abala 315, tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè yí i padà bí kò ṣe ní ọ̀nà líle tí a ń gbà yí Òfin-Ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ padà.

3. Ilẹ̀ tí a fi síkàáwọ́ ẹnìkan

Abala kìn-ín-ní òfin náà ni ó dùn létí jùlọ. Ó ní gbogbo ilẹ̀ tí ó wà nínú Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà ní ìkáwọ́ Gómìnà, kí ó máa dì í mú fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tí a túmọ̀ abala yìí, ó yà wá lẹ́nu bí ó ti rọrùn tó. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí kò bá èdè wa mu. Yorùbá náà gbà pé ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo, pé ó jẹ́ ti àwọn tí ó ti kú, ti àwọn tí ó wà láàyè, àti ti àwọn tí a kò tí ì bí. Olórí ẹbí ni ó ń di ilẹ̀ mú fún ẹbí. Bí a bá fi 'olórí ẹbí' rọ́pò 'Gómìnà', tí a sì fi 'ọmọ ẹbí' rọ́pò 'ọmọ Nàìjíríà', a ó rò pé àgbà kan ní ààfin ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í dá rìn. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó ń bá a kẹ́gbẹ́. Nínú èdè wa, ẹni tí a fi nǹkan sí ìkáwọ́ rẹ̀ ni a lè bi léèrè. Olórí ẹbí tí ó bá dá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ pé àwọn olórí ìsọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀ sí i, ẹbí lè pè é jókòó, wọ́n sì lè gba ilé-ẹjọ́ lọ kí wọ́n wọ́gi lé títà náà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ilẹ̀ ni Yorùbá fi ń ṣe ẹ̀rí ìfọkàntán. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ sí ìfọkàntán, ọ̀dàlẹ̀ ni a ń pè é, òwe sì ti wí pé ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Èdè wa kò ya àdéhùn sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ tí a tẹ̀.

Nígbà tí a wá ka òfin náà títí dé òpin, a ń wá ibi tí àwọn tí a di ilẹ̀ mú fún ti lè pe Gómìnà jókòó. A kò rí i. Òfin náà sọ ohun tí Gómìnà lè ṣe sí ẹni tí ó ń lo ilẹ̀. Ó sọ iye ilẹ̀ tí ẹnìkan lè ní. Ó sọ pé ìdajì hẹ́kítà ni ẹni tí ó ní ilẹ̀ tí a kò tí ì kọ́lé sí láàárín ìlú lè dì mú. Ṣùgbọ́n kò sọ ọjọ́ tí alágbàtọ́ yóò ṣírò ohun tí a fi sí i níkàáwọ́, kò sì sọ ẹni tí yóò ṣírò rẹ̀ fún. Ó yá ọ̀rọ̀ olórí ẹbí lò, ó sì fi ẹbí sílẹ̀ sẹ́yìn. Èyí ni a rí gẹ́gẹ́ bí àbùkù àkọ́kọ́ nínú ìwé náà.

4. 'Ìlò gbogbo ènìyàn'

Abala 28 ni ó fún Gómìnà ní àṣẹ láti wọ́gi lé ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lórí ilẹ̀ nítorí àǹfààní ará ìlú tí ó borí ti ẹnìkan. Ọ̀kan nínú ohun tí ó ka sí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ni pé kí ìjọba nílò ilẹ̀ náà fún ìlò gbogbo ènìyàn. Òmíràn ni pé kí a nílò rẹ̀ fún wíwa ohun àlùmọ́nì tàbí fún ọ̀pá epo. Kí ni ìlò gbogbo ènìyàn? A ní láti ṣí ìwé lọ sí abala 51, níbi tí a ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Ìlà àkọ́kọ́ nínú àtòjọ náà ni ìlò ìjọba tàbí ìlò ará ìlú lápapọ̀. Kò sí ẹni tí yóò bá èyí jà. Lẹ́yìn èyí ni ó kan àwọn ilé-iṣẹ́ tí òfin dá sílẹ̀, àti ilé-iṣẹ́ yòówù tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin kọ́ńpìnnì, bí ìjọba bá ti ní ìpín owó nínú rẹ̀. Òfin náà kò sọ bí ìpín náà yóò ti tó. Bí ìpín ìjọba bá tó ìdajì, ó wọlé. Bí ó bá jẹ́ bíńtín, ó wọlé bákan náà. Àtòjọ náà tún tẹ̀ síwájú: ìmọ́tótó, ojú irin, ọ̀nà, iná mànàmáná, ètò ìlú àti ìgbèríko, ilé-ẹ̀kọ́. Láàárín wọn ni a ti rí gbólóhùn kúkurú kan tí ó ní ilẹ̀ tí a gbà nítorí ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, ti ilé-iṣẹ́ ńlá, àti ti ọrọ̀ ajé, ìlò gbogbo ènìyàn ni.

Níhìn-ín ni èdè Yorùbá ti kọ́kọ́ kọ̀ fún wa. Yorùbá ní ohun tí í ṣe ti ìlú: ọjà, oríta, odò, igbó orò. Ó ní ohun tí í ṣe ti ọba: ààfin àti ilẹ̀ ààfin. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, a ní ohun tí í ṣe ti ìjọba, a sì mọ̀ pé kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ti ìlú. Ohun tí a kò ní ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò gba ọjà, bárékè àti ilé-iṣẹ́ oníṣòwò pọ̀, kí a sì lè pe gbogbo rẹ̀ ní 'ti gbogbo ènìyàn'. Ó di dandan kí a fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Bí a bá sì ti fi mẹ́ta túmọ̀ rẹ̀, ẹni tí ń gbọ́ yóò bèèrè pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ fẹ́ fi ilẹ̀ mi ṣe? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí òfin náà lò kò jẹ́ kí ìbéèrè yìí jáde lẹ́nu rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí oníṣòwò ṣe bá ọ̀ràn yìí pàdé. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ ra ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní láti bá ẹbí dúnàádúrà, kí ó sì tún gba ìyọ̀ǹda Gómìnà ní ìbámu pẹ̀lú abala 22. Ìyọ̀ǹda yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọdún 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọ́gi lé àdéhùn tí a fi ilẹ̀ dúró fún owó báńkì nítorí pé Gómìnà kò fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá kọ́kọ́ gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹbí, tí ó sì fi fún ilé-iṣẹ́ náà, ìdúnàádúrà pẹ̀lú ẹbí parí nìyẹn. A kò sọ pé gbogbo ìjọba ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé èdè abala 51 fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ ní ṣíṣí, kò sì fi aṣọ́nà sí i.

Ó tọ́ kí a sọ pé ilé-ẹjọ́ ti gbìyànjú láti tì í. Nínú ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation ní ọdún 1991, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wí pé àwọn ìdí tí a tò sínú abala 28 nìkan ni Gómìnà lè tìtorí rẹ̀ wọ́gi lé ẹ̀tọ́ ẹnìkan; gbígba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan láti fi fún ẹlòmíràn fún ìlò ara rẹ̀ kò sí lára wọn. Ìdájọ́ rere ni èyí. Síbẹ̀, adájọ́ kò lè ṣe ju ohun tí ìwé bá sọ lọ. Bí ìwé náà bá ti pe ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé ní ìlò gbogbo ènìyàn, ẹni tí ó bá mọ̀wé kọ yóò máa rí ọ̀rọ̀ tí yóò kọ sí ojú ìwé ìgbalẹ̀.

5. Owó gbà-má-bínú àti ilẹ̀ tí ń sinmi

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò fún owó tí ìjọba ń san nígbà tí ó bá gba ilẹ̀ tàbí ilé ẹni yẹ ní wíwò dáadáa. Owó gbà-má-bínú ni a ń pè é. Gbólóhùn àṣẹ àti ẹ̀bẹ̀ ni: gbà, má sì ṣe bínú. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ ti gbà pé a ti ṣẹ ẹlòmíràn, pé ẹni náà ní ẹ̀tọ́ láti bínú, àti pé owó tí ó wà lọ́wọ́ òun kò tó ohun tí ó lọ. Kò sí ẹni tí í wí fún oníṣòwò tí ó ta ọjà rẹ̀ lówó gidi pé kí ó má bínú.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ kò mọ ìbínú. Ìṣírò ni ó mọ̀. Abala 29 pín ohun tí a óò san owó lé lórí sí mẹ́ta. Fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ilẹ̀ tí ẹni náà san ní ọdún tí a gbà á ni a óò dá padà fún un, bí ó bá san rárá. Fún ilé àti ohun tí a rì mọ́lẹ̀, iye tí yóò náni láti kọ́ ọ padà ni, lẹ́yìn tí a bá ti yọ iye tí ó ti gbó kúrò. Fún irè oko, iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fi lé e ni. Ẹ kíyèsí i pé àgbẹ̀ tí ó jogún ilẹ̀ lọ́wọ́ baba rẹ̀ kì í san owó ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ní ojú abala yìí, òfo ni iye ilẹ̀ rẹ̀. Bí ẹni náà bá ti jẹ́ ọmọ onílẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni owó tí yóò gbà lórí ilẹ̀ yóò ti kéré tó.

Abala 51 tún ṣe àlàyé ohun tí a lè pè ní àtúnṣe tí ó kù lórí ilẹ̀. Ó ní ohunkóhun tí ó so mọ́ ilẹ̀ títí, tí ó jẹ́ èso owó tàbí iṣẹ́ ẹni tí ó ń lò ó, tí ó sì mú kí ilẹ̀ náà wúlò sí i: ilé, oko igi tí í pẹ́, ọgbà, kànga, ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó yọ ohun kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀: èso iṣẹ́ oko ojoojúmọ́ kò sí níbẹ̀, àfi irè tí ó bá wà lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ náà.

A dúró pẹ́ lórí gbólóhùn yìí. Gbogbo ẹni tí ó bá ti dé oko rí mọ̀ pé àgbẹ̀ kì í fi gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ dáko lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá ti dá apá kan fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò fi í sílẹ̀ kí ó sinmi, yóò sì bọ́ sí apá kejì. Ilẹ̀ tí ó ń sinmi yóò hu igbó, ewé yóò wọ́ sílẹ̀, yóò jẹrà, ọ̀rá ilẹ̀ yóò sì padà. Ọgbọ́n àgbẹ̀ ni. Àìdáko náà jẹ́ iṣẹ́. Ẹni tí ebi ń pa tí ó sì ní sùúrù láti má fọwọ́ kan ilẹ̀ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ti ṣe ohun kan sórí ilẹ̀ náà. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún un: ilẹ̀ náà ń sinmi. A tún ní ẹgàn, a ní ìgbẹ́, a ní ọ̀dàn, a ní àkùrọ̀. Olúkúlùkù ní ìlò tirẹ̀. Abala 36 òfin náà ka ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi mọ́ ilẹ̀ tí a fi ń dáko, ṣùgbọ́n abala 29 tí ó ṣírò owó kò ní ọ̀rọ̀ fún ìsinmi ilẹ̀. Ohun tí kò bá ní ilé lórí, tí kò ní igi tí a gbìn, tí kò ní irè, òfo ni lójú rẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wá sí abúlé tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú, wọ́n ka igi kòkó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ka igi obì, wọ́n sì wọn ilé. Apá tí ó ń sinmi, wọ́n gba orí rẹ̀ kọjá. Ojú oórì tí kò ní sìmẹ́ńtì lórí pẹ̀lú, wọ́n gba orí rẹ̀ kọjá.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìdájọ́ ọdún 1921 àti abala 29 wá hàn kedere. Ní ọdún 1921, àwọn adájọ́ òyìnbó bèèrè ohun tí ilẹ̀ jẹ́ lójú àwọn tí wọ́n ni ín kí wọ́n tó ṣírò owó. Ní ọdún 1978, àwọn ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn kọ òfin tí kò bèèrè.

6. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ igi

Abala 28 sọ pé ẹ̀tọ́ ẹni tí a gba ilẹ̀ rẹ̀ parí ní ọjọ́ tí ó bá gba ìwé ìkìlọ̀, tàbí ní ọjọ́ tí ó lẹ́yìn rẹ̀ tí ìwé náà bá dá. Abala 44 sọ ọ̀nà tí a lè gbà fi ìwé náà jíṣẹ́: kí a fi lé ẹni náà lọ́wọ́, kí a fi sílẹ̀ ní ilé rẹ̀, kí a fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, tàbí, bí a kò bá rí i, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ojú ti lè rí i lórí ilẹ̀ náà. Nínú gbogbo àlàyé wọ̀nyí, òfin náà kò sọ èdè tí a óò fi kọ ìwé náà.

Nítorí náà, ẹ̀tọ́ tí ó ti wà fún ìran mẹ́rin lè parí nípa ìwé tí ẹni tí ó kàn kò lè kà. Fún òfin, lílẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì. Kíkà kò kàn án. Àwa tí ìwé kíkà jẹ́ iṣẹ́ wa kò lè gbójú fo èyí. Bí a bá gbà pé kò sí ìwé tí ó pé láìsí òǹkàwé, nígbà náà ìwé tí ó wà lára igi ìrókò yẹn kò tí ì jíṣẹ́ nígbà tí àwọn àgbà ń pọ́n àdá.

Ẹni tí ó bá sì rò pé owó tí wọ́n fún òun kéré ńkọ́? Abala 30 ní kí ó gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí Gómìnà yàn lọ. Abala 47 ní kò sí ilé-ẹjọ́ tí ó lè yẹ iye owó náà wò bóyá ó tó tàbí kò tó. Abala 44 Òfin-Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sì ní ẹni tí a gba ohun ìní rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí owó gbà láìpẹ́, kí ó sì lè lọ sí ilé-ẹjọ́ kí wọ́n mọ iye tí ó tọ́ sí i. Òfin-Ìpìlẹ̀ ni ó ga jù, àwọn amòfin yóò sì wí pé ọ̀ràn parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n fún àgbẹ̀ tí kò ní owó amòfin, ìwé méjì tí ó ń ta ko ara wọn kò sàn ju ilẹ̀kùn tí a tì lọ.

7. Ohun tí a lè sọ fún òfin náà

Kò yẹ kí lámèyítọ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Òfin yìí ní ìdí. Kí ó tó dé, àwọn ẹbí kan a máa ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn olówó a máa ra ilẹ̀ jọ káàkiri ìlú, wọn a sì dúró kí ó gbówó lórí. Ìjọba tí ó bá fẹ́ la ọ̀nà tàbí kọ́ ilé-ìwòsàn a sì bá owó ilẹ̀ tí kò ṣeé gbọ́. Àwa fúnra wa kò lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀ràn náà. Orí ilẹ̀ tí àwọn kan ti dáko rí ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ wa wà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jọ̀wọ́ ilẹ̀, a kò ní rí gbọ̀ngàn tí a óò jókòó sí sọ̀rọ̀ yìí.

A tún gbọ́dọ̀ sọ pé òfin náà kò pa gbogbo ìlànà àtijọ́ run bí àwọn kan ti rò. Nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, àwọn tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ wí pé òfin ọdún 1978 ti sọ àwọn náà di onílẹ̀. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kọ̀ ní ọdún 1991. Wọ́n ní òfin náà kò mú ẹ̀tọ́ onílẹ̀ àbáláyé kúrò kí ó gbé e fún àlejò rẹ̀. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ 'ìṣákọ́lẹ̀' ní agbára ju bí àwọn tí ó kọ òfin náà ti rò lọ.

Ẹ̀sùn tí a fi kan ìwé náà, nígbà náà, kì í ṣe pé ó jẹ́ kí ìjọba gba ilẹ̀. Ẹ̀sùn wa ni pé kò pa ààlà. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Bí baba àti ọmọ tí ó fẹ́ràn ara wọn bá nílò ààlà, mélòómélòó ni ìjọba àti àgbẹ̀, pàápàá nígbà tí oníṣòwò bá dúró sẹ́yìn ìjọba?

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ibi mẹ́ta ni èdè Yorùbá ti kọ̀ fún ìwé yìí: ní orí ìfisíkàáwọ́ tí kò ní ìṣírò, ní orí ìlò gbogbo ènìyàn tí ó gba oníṣòwò mọ́ra, àti ní orí ilẹ̀ tí ń sinmi tí a pè ní òfo nínú ìṣírò owó. Lójú tiwa, àwọn ibi mẹ́ta yìí náà ni àtúnṣe ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀. Kí a ya ìlò ìlú, ìlò ìjọba àti ìlò oníṣòwò sọ́tọ̀, kí oníṣòwò sì bá onílẹ̀ dúnàádúrà. Kí a mọ ilẹ̀ tí ń sinmi sí ilẹ̀ tí a ń lò nígbà tí a bá ń ṣírò owó gbà-má-bínú. Kí a kọ ìwé ìkìlọ̀ ní èdè ẹni tí ó kàn, kí a sì kà á sí i létí ní gbangba. Kí ilẹ̀ tí a kò fi ṣe ohun tí a tìtorí rẹ̀ gbà á sì padà sọ́dọ̀ àwọn tí a gbà á lọ́wọ́ wọn. A kò rí abala kan tí ó pèsè fún èyí.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó ti ronú sí àtúnṣe. Ní ọdún 2009, Ààrẹ Yar'Adua gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lórí ọ̀ràn ilẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje sì ni alága rẹ̀. Ní ọdún kan náà, ó fi àbá àtúnṣe òfin yìí ránṣẹ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àbá náà kò di òfin. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí òfin yìí padà gbọ́dọ̀ rí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ní ilé méjèèjì, àti ilé ìgbìmọ̀ ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn Ìpínlẹ̀. Ọwọ́ àwọn Gómìnà ni ilẹ̀ wà. A kò rò pé àwọn ni yóò ṣáájú àwọn tí yóò gbà á kúrò lọ́wọ́ ara wọn.

Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ní Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ yìí kéré, ṣùgbọ́n ó wà. A lè túmọ̀ òfin náà. Bí a bá ní ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá tí ó péye, tí kò pe ìgbẹ́sẹ̀lé ní iṣẹ́ ìlú, ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n bá tún pè sí abẹ́ igi ìrókò yóò rí ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ sọ fún àwọn àgbà, wọn yóò sì mọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an pé ilẹ̀ àwọn ni ọ̀rọ̀ kàn. A dá a lábàá pé kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ ìtumọ̀ mú un gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àpapọ̀, kí a sì pe àwọn amòfin mọ́ ọn.